Qissīs: ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pásítọ̀

Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ń túmọ̀ Súrà Màídà ẹsẹ 82 fún wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé àwọn tó ń pe ara wọn ní Nàsárà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì nìyẹn, ló sún mọ́ àwọn Mùsùlùmí jù ní ìfẹ́, torí pé qissīsīn (ọ̀pọ̀ qissīs, àwọn aṣáájú ìjọ wọn) àti ruhbān wà láàárín wọn, tí wọn kì í sì í gbéra ga, pásítọ̀ ṣáá ni wọ́n máa pe qissīsīn yẹn. Pásítọ̀ kẹ̀! Olùṣọ́ àgùntàn nìyẹn, Lárúbáwá sì ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ fún un, rāʿī ni, kò sì sí nínú ẹsẹ yẹn rárá. Àwọn míì ò tiẹ̀ da ara wọn láàmú, wọ́n á kàn kọ "kìsíìsì" sílẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ta ló fẹ́ yé?

Àgbà ìjọ lèmi ń kọ ní tèmi. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti Lárúbáwá látilẹ̀ o. Èdè Síríákì táwọn Kìrìsìtẹ́nì Síríà àti Ìráàkì ń lò nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá, qaššīšā, àgbàlagbà nìyẹn, àwọn Lárúbáwá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, wọ́n wá sọ "ṣ" ibẹ̀ di "s". Àwọn onímọ̀ wọn ṣì wá gbòǹgbò ilé fún un, Rāghib al-Iṣfahānī ní láti ara kéèyàn máa wá nǹkan kiri lóru ni. Ààfáà ńlá ni Rāghib, àmọ́ ìyẹn ò wọ̀ mí létí.

Bó ṣe di oyè rèé: ẹ wo ọmọkùnrin ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi jẹ Mọ́gàjí n'Íbàdàn, lọ́jọ́ náà gan-an làwọn tó bá bàbá ẹ̀ ṣeré á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá, wọ́n á jókòó dè é kó tó dá ẹjọ́ ilé, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ewú ẹ̀ dà. Bẹ́ẹ̀ ni qaššīšā ṣe kúrò lórí ọjọ́ orí tó bọ́ sórí ipò. Presbyteros àwọn Gíríìkì náà, àgbà ni, òun ni Òyìnbó lọ̀ títí tó fi di priest.

Wọ́n á ní "àlùfáà" tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti fi àlùfáà túmọ̀ qissīs, kí lẹ máa wá pe Áárónì tó ń rúbọ? Kāhin ni Bíbélì Lárúbáwá pe ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ wá ṣí Ìṣe Àwọn Àpósítélì 20:17 nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Bèírúùtù ní 1865, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ránṣẹ́ sí Éfésù: qusūs al-kanīsa ló wà níbẹ̀, àwọn qissīs ìjọ nìyẹn. Ẹ ṣí ti Yorùbá: àwọn alàgbà ìjọ. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Mi ò kàn kọ "alàgbà" torí pé ó ti di oyè ọ̀tọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà, wọ́n á tún máa bá mi jà lórí ìyẹn.

Ruhbān ní tiẹ̀, àwọn tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Usquf ni bíṣọ́ọ̀bù, shammās ni díákónì, mi ò ní dá yín dúró síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé Íjíbítì ṣá, ẹ má lọ dúró níwájú fádà àwọn Kọ́pùtíkì kẹ́ ẹ máa pè é ní qissīs o, abūnā ni wọ́n ń pè é lójú ẹ̀, bàbá wa. Ní Lẹ́bánónì, khūrī lẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn Márónáìtì, ọ̀dọ̀ Gíríìkì nìyẹn ti wá, òun náà ló di orúkọ ìdílé Khoury tẹ́ ẹ máa ń rí.