Bí Ẹni Tí Ìrántí Rẹ̀ Lọ Ṣe Ń Tún Ara Rẹ̀ Mọ̀

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, bí ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) bá gba ìrántí lọ́wọ́ ènìyàn, ohun tí àlejò máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: “Ṣé ẹ dá mi mọ̀?” Ìfẹ́ ló ń mú un béèrè, àmọ́ ó lè pa aláìsàn lára.

Ọpọlọ kì í kó gbogbo ohun tó mọ̀ sójú kan. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Ibẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun ń gbà kó tó fìdí múlẹ̀. Bó bá fara gbọgbẹ́, ohun àná àti ti oṣù tó kọjá ló sábà máa ń lọ. Ti ìgbà èwe lè wà níbẹ̀ digbí.

Ní 1953, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà gé púpọ̀ nínú ẹ̀yà yìí kúrò lápá méjèèjì lórí Henry Molaison, nítorí wárápá. Títí ó fi kú ní 2008, ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí i lọ́kàn. Síbẹ̀, nígbà tí Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrántí, ní kó máa wo dígí fi ya ìràwọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń dá ṣáṣá sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ lójú tirẹ̀, kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ibi ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ ọwọ́ ń gbé. Ìdí nìyí tí ìyá tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ fi lè rin ewùrà, kó bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ata tó ń hó, kí ìkọ́kọrẹ́ náà sì dùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ tó ń wọni lára láìrántí yìí náà ni ewu wà. Bí aláìsàn bá méfò orúkọ, tó sì ṣì í, àṣìṣe yẹn lè wọ̀ ọ́ lára, nítorí kò ní rántí pé wọ́n tún un ṣe. Bó bá di ọjọ́ kejì, orúkọ òdì yẹn ló tún máa bọ́ sí i lẹ́nu. Nítorí náà, sísọ ló dára ju bíbéèrè lọ: “Èmi Bùsọ́lá ni, àbúrò yín.” Lọ́la, kí Bùsọ́lá tún un sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà mìíràn, ọpọlọ á fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ dí àlàfo. Aláìsàn kò purọ́. Ẹ má bá a jà.

Irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ kò sí lọ́wọ́ òun nìkan. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ rẹgbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ní àwọn ojúgbà tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ kan náà lọ síbi ayẹyẹ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ó lè má rántí ọdún kankan tó lọ. Kí wọ́n ṣáà rán aṣọ ti ọdún yìí fún un, kí wọ́n mú un dání, kí wọ́n sì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ìwé ìrántí tó ń kà láràárọ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó dúró tì í.