Kí la ó máa pe 2,147,483,647?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìṣirò ní Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi "nọ́mbà àkọ́kọ́" sílẹ̀ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "prime number", ìyẹn nọ́mbà tó ju 1 lọ, tí kò sí èyí tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó mú un wá wo ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, kò wo nọ́mbà náà fúnra rẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú kí ni? Ẹ wo 2,147,483,647. Tí a bá to gbogbo irú rẹ̀ láti orí 2 lọ sókè, ipò 105,097,565 ló wà. Ìyẹn náà la ń pè ní àkọ́kọ́? Ọmọ ilé-ìwé tó bá gbọ́ ọ, 1 ni yóò máa wá kiri, 1 gan-an kò sì sí lára wọn.

"Práìmù" tí àwọn olùkọ́ kan ń wí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí sàn díẹ̀, torí kò ṣi ènìyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Aláìṣeépíndọ́gba ni tèmi. Wọ́n ní ó gùn. Àwa tí a ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọ̀rọ̀ gígùn? Àwọn mìíràn ní kí n gé e kù sí "aláìṣeépín". N kò gbà. Kò sí nọ́mbà tí kò ṣeé pín tí a bá gbà kí nǹkan ṣẹ́kù. "Dọ́gba" yẹn ló gbé gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ dání.

Ẹ lọ sí Ọjà Jagun nígbà máńgòrò. Ìyá tó ní 12 lè tò ó ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, mẹ́fà-mẹ́fà, kó má sì ku ẹyọ kan nílẹ̀. Ẹ fún un ní 13. Ó tò ó ní méjì-méjì, ẹyọ kan ṣẹ́kù. Mẹ́ta-mẹ́ta, ẹyọ kan. Márùn-ún-márùn-ún, mẹ́ta ṣẹ́kù. Àfi kó tà á ní ẹyọ-ẹyọ, tàbí kó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Bí ti 2,147,483,647 ṣe rí nìyẹn.

Ẹ fi 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 títí 2 náà yóò fi pé 31, kí ẹ wá yọ 1: òun náà nìyẹn. Mersenne, àlùfáà ará Faransé, ti dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn aláìṣeépíndọ́gba lọ́dún 1644, ṣùgbọ́n Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1772, láìsí kọ̀ǹpútà. Kò dán gbogbo nọ́mbà wò. Tí nọ́mbà méjì, ọ̀kan lọ́nà èkejì, bá bí i, èyí tó kéré nínú wọn kò lè kọjá 46,340, torí 46,341 lọ́nà ara rẹ̀ ti jù ú lọ. Euler tún rí i pé nọ́mbà tó bá máa pín in dọ́gba, tí a bá fi 248 pín òun náà, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù fún un láti yẹ̀ wò, kò sì sí ọ̀kan tó pín in.

Ẹ má rò pé gbogbo èyí tí a bá ṣe báyìí ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lo 11 dípò 31: 2,047 lẹ ó rí, 23 lọ́nà 89 sì ni. Mersenne ní èyí tí a bá fi 67 ṣe náà jẹ́ aláìṣeépíndọ́gba, nígbà tó sì di ọdún 1903, Cole ará Amẹ́ríkà fi han ayé pé 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287 ni. Ó ṣeé pín dọ́gba.