Séèfù ìbọn: kí ni wọ́n ń pè ní “ó bá òfin mu”?

Tí ọlọ́jà bá kọ “séèfù ìbọn” sára àpótí irin, orúkọ lásán nìyẹn. Kò sọ bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó, kò sì sọ bóyá ẹnikẹ́ni ti gbìyànjú láti fọ́ ọ rí. Kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lè dá ọmọdé dúró ṣùgbọ́n tí kò ní pẹ́ lọ́wọ́ olè tó mú irin dání náà ń jẹ́ séèfù ìbọn lọ́jà. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ tọ́jú ìbọn sílé wá ni àmì ìdánwò, ìyẹn àlẹ̀mọ́ tàbí irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n sábà máa ń kàn mọ́ inú ilẹ̀kùn.

Àkókò ni àmì yìí ń wọ̀n. Kò sí séèfù tí kò ṣeé fọ́, bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó fọ́ ni wọ́n ń dán wò. Ní Amẹ́ríkà, UL, ilé iṣẹ́ tó ń dán ọjà wò, ní ìpele kan tó ń jẹ́ RSC, òun ló sì wà lára ọ̀pọ̀ séèfù ìbọn inú ilé. Ní ipò àkọ́kọ́ nínú RSC, ẹnì kan ṣoṣo ló máa dojú kọ séèfù náà pẹ̀lú irinṣẹ́ ọwọ́, bí òòlù àti irin tí wọ́n fi ń já ilẹ̀kùn, fún ìṣẹ́jú 5. Ìgbà tí irinṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ lára irin nìkan ni wọ́n ń kà o. Tí onítọ̀hún bá dúró mí, aago náà á dúró. TL-15, ìpele UL mìíràn, lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣẹ́jú 15 ni, wọ́n sì ń lo irinṣẹ́ oníná pẹ̀lú, àmọ́ séèfù bẹ́ẹ̀ wúwo, ó sì wọ́n.

Ní Yúróòpù, EN 1143-1 ni ìlànà tí wọ́n ń lò jù fún séèfù tó lágbára, ìpele rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ibí yìí ni òfin ti wọlé. Ní Jámánì, láti oṣù Keje ọdún 2017, séèfù ìbọn tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbọ́dọ̀ dé ìpele 0, ó kéré tán. Tí séèfù ìpele 0 náà kò bá tó kílò 200, ìbọn ìléwọ́ 5 péré ló lè wà nínú rẹ̀. Tó bá tó kílò 200, ó di 10. Ìpele I (ìkíní), tó tẹ̀ lé 0, kò ní òǹkà ìbọn. Àwọn tó ti ń lo kọ́bọ́ọ̀dù ìpele A tàbí B, ìyẹn ìpele àtijọ́, kí òfin náà tó yí padà lè máa lò ó lọ. Ẹ wá rí i pé kọ́bọ́ọ̀dù kan náà lè bá òfin mu lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in tipẹ́, kó má sì bá a mu lọ́wọ́ ẹni tó rà á lánàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BS 7558, tí wọ́n kọ ní 1992, ni àmì tí ọlọ́pàá tó wá yẹ ilé wò sábà ń retí. Nítorí náà, ọ́fíìsì tó fún yín ní ìwé àṣẹ ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, kí ẹ tó bá ọlọ́jà dúnàá dúrà.

Nọ́ńbà kan wà tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Gauge ni wọ́n fi ń wọn irin ní Amẹ́ríkà, bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe ń kéré sí i ni irin ń nípọn sí i: gauge 14 kò tó mìlímítà 2, gauge 12 jẹ́ bíi 2.7, gauge 10 bíi 3.4. Ilẹ̀kùn ni ọlọ́jà máa ń fi hàn yín, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ bi í. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara séèfù náà dáadáa, torí bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni olè máa ń ki irin bọ̀. Ẹ sì dè é mọ́ ilẹ̀ tàbí ògiri. Èyí tí wọn ò dè, olè á dà á dùbúlẹ̀, á fi gbogbo ara rọ̀ sórí irin, tàbí kó kúkú gbé e lọ. EN 1143-1 pàápàá ní kí séèfù tí kò bá tó kílò 1,000 ní ihò tí wọ́n máa fi dè é.

Ti iná kò gùn. Jípísọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ́ sínú ọ̀pọ̀ séèfù ní omi nínú, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, omi yìí ló ń gba gbígbóná náà sára bó ṣe ń di ooru omi. Ooru omi yẹn náà ló ń mú kí ìbọn tó bọ́ nínú iná tètè dógùn-ún, ẹ yọ ọ́ kíákíá kí ẹ nù ún.

Ibi tó ká mi lára jù ni kọ́kọ́rọ́. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Münster, ní Jámánì, gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tí olè wọ ilé rẹ̀. Séèfù ìbọn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n inú àpótí irin mìíràn tí kò lágbára tó o ló fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí. Àwọn olè fọ́ àpótí kékeré yẹn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ṣí séèfù ńlá wẹ́rẹ́. Ilé ẹjọ́ ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tí agbára rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí ti séèfù ìbọn fúnra rẹ̀. Bí séèfù ìpele I bá ń ṣí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀, dúrọ́ọ̀ yẹn gan-an ni séèfù yín.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ àgádágodo oní-nọ́ńbà, yálà èyí tí wọ́n ń yí tàbí èyí tí wọ́n ń tẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tẹ̀, àti àwọn tó ń ka ìka ọwọ́, ní kọ́kọ́rọ́ àfikún tí wọ́n ń lò bí bátìrì bá kú, ọ̀rọ̀ Münster sì kan òun náà. Ìbọn tó bá ń wọlé síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ọta nínú. Ẹ yí nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí séèfù bá wọlé, kí ìbọn tó wọ inú rẹ̀, kí ẹ má sì lo ọjọ́ ìbí ọmọ. Ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.