Bí Eku Ṣe Ń Mọ Àkókò Kúkúrú Yàtọ̀ sí Gígùn

Ẹ bi ọmọ ilé ìwé pé iye wo ló wà ní agbedeméjì 2 àti 8, á ní 5. Ẹ bi eku, á ní 4. Ibi tí eku ti rí 4 rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ní ọdún 1977, Russell Church ti Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà àti Deluty tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi eku sínú àpótí ìdánwò. Irin méjì tí eku lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wà lára ògiri rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní àmì tó wà fún ìṣẹ́jú àáyá 2, irin kan ló ń mú oúnjẹ wá. Bí àmì náà bá tó 8, irin kejì ni. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀, kò sóńjẹ fún un. Eku ò ní aago, síbẹ̀ nígbà tó yá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í tẹ̀ mọ́. Ohun tó kọ́ yẹn ni mo pè ní ìdámọ̀yàtọ̀ àkókò.

Wọ́n wá fún un ní àmì tí wọn ò fi kọ́ ọ rí, tí gígùn wọn bọ́ sáàárín 2 àti 8. Ibi tí ọkàn eku ti pín sí méjì, tó ń tẹ irin méjèèjì dọ́gba-dọ́gba, sún mọ́ 4. Ìlọ́po ló ń wò: 4 jẹ́ ìlọ́po méjì 2, 8 náà jẹ́ ìlọ́po méjì 4. Nígbà tí wọ́n lo 4 àti 16, agbedeméjì bọ́ sí nǹkan bí 8. Àwa náà mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ní ká dúró de òun fún ìṣẹ́jú 5, tó wá lo 10, á bí wa nínú. Ẹni tó dá wákàtí 2, tó fi ìṣẹ́jú 5 lé e, ta ló ń kà á?

Ìkejì rẹ̀ ni ìfijọra: kí ẹranko máa ṣe ohun tó kọ́ lórí àkókò kan fún àkókò mìíràn tó jọ ọ́. Church àti John Gibbon, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, dán èyí wò ní ọdún 1982. Lẹ́yìn àmì ìṣẹ́jú àáyá 4 nìkan ni irin ń mú oúnjẹ wá, síbẹ̀ eku ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn èyí tó sún mọ́ 4 pẹ̀lú. Bí a bá yà á sórí ìwé, ó dà bí òkè: ṣóńṣó rẹ̀ wà ní 4, ó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Bí àkókò tí a fi kọ́ ọ bá ṣe gùn tó ni òkè náà ṣe ń fẹ̀ tó. Èmi ò gbà pé àṣìṣe ni títẹ̀ yẹn, torí nínú igbó, ohun kan náà kì í pẹ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àlàyé Gibbon ni pé ohun kan ń lù nínú ọpọlọ bí ìlù, ọpọlọ ń ka ìlù náà, ó sì ń fi iye rẹ̀ wé èyí tó ti fi pamọ́. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Warren Meck fún eku ní methamphetamine, oògùn tó ń ta ọpọlọ jí, àkókò tí kò gùn tẹ́lẹ̀ di gígùn lójú wọn, agbedeméjì wọn sì lọ sílẹ̀, bí ẹni pé ìlù náà yá sí i. Bí wọ́n ṣe ń bá ìdánwò náà lọ pẹ̀lú oògùn yìí, díẹ̀díẹ̀ ni agbedeméjì padà sí ààyè rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá oògùn dúró ló tún yẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí sí òdìkejì.