Lọ́yà tí ó mọṣẹ́ dunjú: kí ló dé tí ìkọ́ni fi ń le fún un?

Ìbéèrè: Ní England àti Wales, a máa ń rí sọlísítọ̀, ìyẹn lọ́yà tí ó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn tí ó sì ń bá a ṣe ìwé àdéhùn, ìwé ìhágún àti ìwé ilé, tí ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀ láti lọ máa kọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ náà. Ṣé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ni?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ìrírí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ òfin ń wá jù. Orúkọ rẹ̀ sì lè wà nínú ìwé orúkọ àwọn sọlísítọ̀ síbẹ̀, bí kò tilẹ̀ gba ìwé àṣẹ ọdọọdún mọ́. Kìkì pé kò ní lè ṣe iṣẹ́ sọlísítọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Níwọ̀n ìgbà tí ó ti mọ òfin bí ẹni mowó, kí ni ó wá ń le níbẹ̀?

Ìdáhùn: Mímọ̀ náà gan-an ni ó ń dí i lọ́wọ́. Ní ọ́fíìsì, bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, yóò ṣí ìwé, yóò bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì dá oníbàárà lóhùn lọ́jọ́ kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìpele kìíní ìdánwò SQE, ìyẹn ìdánwò tí a fi ń di sọlísítọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021, pín sí apá méjì. Ìbéèrè 180 ni ó wà nínú apá kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn márùn-ún ni a ó ti mú ẹyọ kan, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú ìwé wọlé, àkókò tí ó sì kan ìbéèrè kan kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó oníbàárà, tí èmi gbà pé òun ni ó ń tú àṣírí olùkọ́ tuntun jù lọ. Oníbàárà fi £3,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: £1,000 jẹ́ owó iṣẹ́ tí wọ́n ti fún un ní ìwé owó rẹ̀, £2,000 yòókù sì jẹ́ owó orí tí yóò san fún ìjọba lórí ilé tí ó rà. Òfin ní kí a tètè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ti àkọ́kọ́ sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́, ìkejì sínú àkáǹtì àwọn oníbàárà. Akápò ni ó ń ṣe èyí ní ọ́fíìsì. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá na ọwọ́ sókè tí ó béèrè ìdí tí £2,000 fi bọ́ sí apá kírẹ́dítì nínú lẹ́jà oníbàárà, ìyẹn ìwé ìṣirò owó rẹ̀, lọ́yà tí ó ti bu ọwọ́ lùwé fún ọdún mẹ́wàá lè má rí èsì fún un. Àfi kí ó padà jókòó kọ́ ọ bí ọmọdé, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo wá ni ìrírí rẹ̀ ti wúlò?

Ìdáhùn: Ní ìpele kejì ìdánwò náà ni. Iṣẹ́ 16 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níbẹ̀, méjì nínú wọn sì ní fífi ọ̀rọ̀ wá oníbàárà lẹ́nu wò fún ìṣẹ́jú 25 nínú. Ẹni tí ó ti jókòó ti oníbàárà mọ̀ pé ìgbà tí ó bá ti dìde, tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn, ni ó sábà máa ń sọ ohun tí ó gbé e wá gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ̀ kò ní lo gbogbo ìṣẹ́jú náà tán lórí ìbéèrè tirẹ̀, yóò fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí láti béèrè pé, "Ṣé ó ku nǹkan kan tí ẹ fẹ́ sọ?"