Ìdí tí Kámẹ́rà fi ń Sọ Léèsì Funfun di Eérú

Ìwé tó máa ń wà nínú páálí kámẹ́rà tuntun ti ṣàlàyé bí a ṣe ń ki bátìrì bọ inú rẹ̀ àti ibi tí a ti ń tàn án, nítorí náà kò sí ìdí láti tún ìyẹn sọ. Ohun tí ìwé náà kì í là yékéyéké ni bí kámẹ́rà ṣe ń pinnu iye ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fọ́tò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Bí a bá rọra tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, kámẹ́rà yóò wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára ohun tó wà níwájú rẹ̀, yóò sì yan nǹkan mẹ́ta: bí ihò lẹ́ǹsì yóò ṣe fẹ̀ tó, bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó padé, àti ISO, ìyẹn bí yóò ṣe fún ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lágbára tó. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè mọ̀ bóyá aṣọ dúdú tó wà nínú oòrùn ló ń wò ni tàbí aṣọ funfun tó wà lábẹ́ òjìji, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára méjèèjì lè dọ́gba. Àwọn tó ṣe é wá fún un ní ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo: pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú lẹ́ǹsì pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́, èyí tó ń ta nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Àwọn kámẹ́rà òde òní ń dá ojú ènìyàn mọ̀, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ eérú yìí kò tíì kúrò nídìí iṣẹ́ wọn.

Ẹ wo aláró kan ní Abẹ́òkúta tí kò mọ̀ ju àwọ̀ kan lọ, èyí tí kò funfun tí kò sì dúdú. Ẹni tó gbé aṣọ funfun wá, yóò rì í sínú ìkòkò aró títí yóò fi dé àwọ̀ yẹn. Ẹni tó gbé èyí tó dúdú kirikiri wá, yóò máa fọ̀ ọ́ títí yóò fi ṣí. Bí mẹ́sàn-án nínú oníbàárà mẹ́wàá bá fẹ́ àwọ̀ àárín, òkìkí rẹ̀ yóò kàn. Ẹnì kẹwàá, tó fẹ́ kí aṣọ òun funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ni yóò sunkún relé. Aláró gidi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye ìgbà tó bá sì rì í ló fi ń pinnu bí yóò ṣe dúdú tó.

Òde ìgbéyàwó ni eléyìí ti ń hàn jù. Ìyàwó wọ léèsì funfun, ó dúró síwájú ògiri funfun. Kámẹ́rà rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ó kà á sí àpọ̀jù, ó dín in kù. Léèsì wá jáde bí aṣọ tí wọ́n fi omi ẹrẹ̀ ṣàn, ojú ìyàwó sì ṣókùnkùn débi pé ẹyinjú àti eyín nìkan ló yọ. Àwọn kan yóò wá ní àwọ̀ ara rẹ̀ ló dúdú jù fún fọ́tò. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí ènìyàn nínú, nítorí aṣọ ló tan kámẹ́rà jẹ, ara kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Láyé fíìmù pàápàá, káàdì tí Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi yẹ àwọ̀ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní Shirley, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀, ní 1968 ni olóògbé ayàwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà: irun dúdú, ọrùn dúdú, síbẹ̀ ojú ń rí ìlà irun kọ̀ọ̀kan ketekete.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lára bọ́tìnnì tí àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò wà lórí rẹ̀. Bí a bá gbé e sí +1, ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà yóò di ìlọ́po méjì. Bí a bá gbé e sí −1, yóò ku ìdajì. Ó máa ń ya alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu pé aṣọ funfun ni à ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fún, tí a sì ń dín ti agbádá dúdú kù, nítorí ó dà bí ẹni pé a ń ṣe é sódì. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ kọjá agbára kámẹ́rà, funfun lásán ni yóò kù níbẹ̀, kò sì sí àtúnṣe kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà. Nítorí náà, bí a bá ti ya ọ̀kan, kí a fa àwòrán náà súnmọ́ra lójú kámẹ́rà, kí a wo èjìká ìyàwó níbi tí oòrùn ti bà á jù. Bí ihò ara léèsì bá ṣì ṣe é kà, a ṣì lè fi díẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá ti parẹ́, kí a dá a padà díẹ̀, kí a sì tún un yà kí ìyàwó tó kúrò lójú kan.