Bí Bùsà Ṣe Di New Bussa

Bùsà tí wọ́n máa ń dárúkọ nínú ìtàn kọ́ lẹ máa bá bí ẹ bá lọ sí New Bussa lónìí. Ìyẹn ti wà lábẹ́ omi láti 1968.

Etí Odò Ọya ni ìlú àtijọ́ náà wà, níbi tí òkúta ti kún inú odò, tí omi ń ru gùdù lórí wọn. Ibẹ̀ ni Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò ará Scotland, kú sí ní 1806. Nígbà tí Richard àti John Lander, òyìnbó arìnrìn-àjò méjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, gba Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ dé Bùsà ní 1830, ẹrù Park ni wọ́n ń wá. Ọba mú ọkùnrin kan wá bá wọn, ìwé wà lábíyá rẹ̀, wọ́n fi aṣọ òwú wé e. Wọ́n tú aṣọ: àṣé ìwé ìṣirò àwọn atukọ̀ ni. Bébà kan wà láàárín ewé rẹ̀, tí wọ́n fi pe Park wá jẹun nílé ẹnìkan ní London ní 1804. Ìpè oúnjẹ London, nílẹ̀ Ìbàrìbá!

Ìbàrìbá yìí náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́, ọba wọn ló so oògùn mọ́ òjòlá lọ́rùn kí Ọ̀rànmíyàn lè tẹ̀ lé e dé ibi tó máa tẹ̀dó sí.

Ní 1964 ni iṣẹ́ dáàmù Kainji bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ odò, nítorí iná mànàmáná, iná tí àwọn ọmọdé wá ń hó “Up NEPA!” sí. Adágún rẹ̀ gùn ju 130 kìlómítà lọ. Bùsà bómi lọ, erékùṣù Foge bómi lọ, apá kan Yelwa náà ní láti kó. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tó fi ilé sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ìlú tuntun nítòsí dáàmù fún àwọn ará Bùsà, ọba wọn sì kó lọ síbẹ̀. Ilé ṣeé tún kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò tó ń pariwo lórí òkúta, ibi tí Park bá omi lọ, kò ṣeé kó. Ó ti dákẹ́ sábẹ́ adágún. Ní February 1969, Gowon ṣí dáàmù náà.

Kíkó yẹn nìkan kọ́. Ní 1991, ìjọba gé ìjọba ìbílẹ̀ Borgu nílẹ̀ Ìbàrìbá, níbi tí New Bussa wà, kúrò lára Kwara, wọ́n fi kún ìpínlẹ̀ Niger. Omi kọ́ ló ṣí wọn nídìí lọ́tẹ̀ yìí, gègé ni. Àwọn tó ti ń bá Ìlọrin ṣe ìjọba láti ayé òyìnbó wá di ará Minna.